Súwẹ́tà Tí Àǹtí Ní Kí N Má Fọ

Àǹtí mi ní kí n má fọ súwẹ́tà ọmọ mi. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura.

Alágbàfọ̀ ni Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, abẹ́ rẹ̀ ni èmi náà ti ń lọ aṣọ. Bí àlejò bá wọlé pẹ̀lú àbàwọ́n lọ́rùn ẹ̀wù, Àǹtí kò ní gbọ́ ohun tí àlejò ń sọ mọ́. Àbàwọ́n yẹn ni yóò tẹjú mọ́ títí ara onítọ̀hún kò fi ní balẹ̀. Àwọn oníbàárà wa máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá dé ọ̀run, etí aṣọ àwọn áńgẹ́lì ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Obìnrin yìí ló wá mú súwẹ́tà aláwọ̀ ìyeyè tí ọmọ mi ti bì sí, tó ti làágùn sí, ó ká a jẹ́jẹ́ bí aṣọ ìyàwó, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Má fọ ọ́ o," ó ní. "Má sá a. Òórùn ọmọ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ títí dé ọ̀hún."

Ọ̀hún tó ń wí yẹn, itẹ́ òkú ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé itẹ́ òkú. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi ni kì í sùn. Ọmọbìnrin ni, ó sanra, ara rẹ̀ le. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e sílẹ̀ báyìí, igbe. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kì í sí nílé. Bí ọmọ bá ń ké, ẹ̀rù á máa bà mí. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀rù yẹn á di méjì, màá sáré fi ìka sábẹ́ imú rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Oorun ń gbé mi lọ nídìí áyọ́ọ̀nù, mo jó kọ́là oníbàárà kan. Ọkùnrin náà wo kọ́là, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Ọlọ́dẹ, ṣé ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́ ni àbí ẹ fẹ́ yan án jẹ?" Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́dẹ, torí pé èmi àti ọlọ́dẹ àdúgbò nìkan ni oorun kò mọ ilé wa.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí gbé ọmọ náà lé itan, ó ń wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Ọmọ yìí kò tíì dé tán," ó ní.

"Kò tíì dé tán bíi ti báwo, Àǹtí?"

"Màmá wa ni. Wo iwájú orí rẹ̀, wo etí rẹ̀. Ó ti padà wá, àmọ́ apá kan rẹ̀ ṣì wà lókè òkun níbi tí a sin ín sí. Ìwọ náà rò ó wò. Bó o bá wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé wàá lè sùn?"

N kò mọ màmá mi dáadáa. Ọwọ́ ìyá àgbà ni ó fi mí sí nígbà tí òun àti Àǹtí lọ ń fọ aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú òkèèrè. Àǹtí nìkan ló padà, pẹ̀lú báàgì màmá lọ́wọ́, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ìyá àgbà náà kú, Àǹtí mú mi sọ́dọ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun ló dì mí mú nígbà tí mo ń rọbí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ọmọ mi kọ́kọ́ bọ́ sí. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ, a kì í sì í sọ ọ́ nílé. Bí Àǹtí bá wí fún mi lọ́sàn-án gangan pé ilẹ̀ ti ṣú, màá lọ tẹ́ ẹní ni.

"Ìwọ nìkan ni kó o lọ," ó ní. "Ọmọ á wà lọ́dọ̀ mi. Tẹ́ súwẹ́tà yìí sórí ibojì, kó o sì sọ pé, 'Aṣọ rẹ rèé. Wọ̀ ọ́, kí o máa bọ̀ nílé.' Tó o bá ti sọ ọ́ tán, yíjú padà. Má wẹ̀yìn."

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe 'aṣọ yín rèé' ni? Màmá wa mà ni."

"Bí mo ṣe kọ́ ẹ ni kó o sọ ọ́. Òkú ò bínú ẹ̀yin àti ìwọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lọ́dọọdún lẹ̀ ń lọ ra ọṣẹ níbẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo bí i?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń tún irun ọmọ mi ṣe. "Tó o bá wọ géètì, máa lọ tààrà títí wàá fi rí igi ńlá tí mànàmáná ti là sí méjì. Yà sí òsì. Òkúta tó funfun jù níbẹ̀, òun ni."

Mo fún omi ọmú sínú ìgò, mo kó o sí fíríìjì. Mo tún ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ náà àti orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, títí Àǹtí fi tì mí jáde pẹ̀lú báàgì mi. "Lọ jàre. Ṣé ọmọ ìwọ nìkan ni?"

N kò wọ bàálù rí. Itan ni mo gbé báàgì mi lé, mo ń fi imú wá súwẹ́tà náà bí ẹni tó ń fa àṣáà. Yàrá tí mo sùn sí lọ́hùn-ún kéré, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó yẹ kí n fi oorun san gbèsè, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ń dún létí mi, ọmú mi sì kún, ó ń ro mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí òjò dá, mo gbéra.

Itẹ́ òkú náà ti gbó. Ohun tútù kan bí irun ti hù bo àwọn òkúta. Ère áńgẹ́lì kan kò ní imú mọ́. Omi ń kán láti orí ewé, tó, tó, tó, kò sì sí ohùn mìíràn àfi ti bàtà mi. Mo rí igi tó là sí méjì. Mo yà sí òsì.

Níbẹ̀, àwọn ibojì súnmọ́ra bí ibùsùn ilé ìwé. Wọ́n kúrú. Ojú mi rí i pé wọ́n kúrú, ṣùgbọ́n ọkàn mi ní ilẹ̀ ló ti gbé apá kan wọn mì, pé ìlú olúkúlùkù àti ìṣe rẹ̀. Òkúta màmá mi kò pamọ́. Láàárín gbogbo àwọn tó ti dúdú yẹn, ó funfun bí eyín.

Mo ti lè kàwé báyìí, kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ọ. Mo tẹ ìka mọ́ òkúta náà bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, mo ń wá lẹ́tà àkọ́kọ́. Kò sí lẹ́tà kankan. Ohun kan ti ha gbogbo rẹ̀ títí ó fi dán. Mo mú ìka lọ sí imú. Òórùn ọṣẹ ni, ọṣẹ ṣọ́ọ̀bù wa gan-an. Mo rò pé ọwọ́ ara mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo tẹ́ súwẹ́tà náà, mo na apá rẹ̀ méjèèjì, mo ṣí iwájú rẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣí i nígbà tí a bá fẹ́ wọ̀ ọ́ fọ́mọ. Ojú ń tì mí láti pe màmá mi ní ìwọ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. "Aṣọ rẹ rèé. Wọ̀ ọ́, kí o máa bọ̀ nílé."

Lójú ẹsẹ̀ ni omi ọmú mi ya. Gbogbo ìyá tó bá ń fọ́mọ lọ́mú mọ ohun tí mò ń wí. Kì í ya bẹ́ẹ̀ àfi tí ọmọ bá ń ké nítòsí.

Mo dìde, mo yíjú padà, mi ò wẹ̀yìn.

Ọkùnrin àgbàlagbà tó ń tọ́jú itẹ́ òkú náà ń gbá ewé lójú ọ̀nà. Mo kí i kú iṣẹ́.

"O kú ọ̀nà, ọmọ mi," ó ní. "Ta lo wá kí?"

"Màmá mi ni, Bàbá. Òkúta funfun yẹn."

Ó dáwọ́ dúró. Ó wo ibi tí mo ti ń bọ̀, ó wo iwájú ẹ̀wù mi tó tutù. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kò sí ìyá ẹnikẹ́ni lápá ibẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Àwọn ọmọdé là ń sin síbẹ̀."

"Àǹtí mi ló júwe rẹ̀ fún mi."

"Ọmọ alágbàfọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin ni, kò tíì rìn. Lọ́dọọdún ni ìyá rẹ̀ ń wá pẹ̀lú korobá àti búrọ́ọ̀ṣì, á máa fọ òkúta yẹn bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mo ní, 'Ìyá, ẹ ti fọ orúkọ ọmọ yín dànù.' Kò gbọ́." Ó tún wò mí. "Ojú yín jọra."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé ó máa ń gbé aṣọ wá?"

"Nígbà tó wá kẹ́yìn, fìlà ọmọ ọwọ́ ló gbé wá. Fìlà tí wọ́n ti lò. Ó gbé e sórí ibojì, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó lọ. Láàárọ̀, ẹnu géètì ni mo ti bá fìlà náà nínú ẹrẹ̀, bí ohun tí wọ́n jù síta. Ó tún gbé e padà, ó tún bá a níta. Ó wá jókòó sílẹ̀ níbí, ó ń sunkún. Mo bi í pé ta ló ni fìlà. Ó ní ọmọ àbúrò òun ni." Ó fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ fa ilẹ̀ díẹ̀. "Èmi ni mo wá la ẹnu mi tó rùn yìí. Mo ní bóyá ọmọ rẹ̀ kò gbà á nítorí kì í ṣe tirẹ̀ láti fi tọrẹ, pé ẹni tó lọ́mọ ló ni ín. Àwàdà ni mo fi ṣe, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó dìde kó máa lọ sílé ni."

Fìlà ọmọ mi tó sọnù yẹn. Èmi àti Àǹtí la jọ wá a. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn pẹ̀lú mi, ó tú apẹ̀rẹ̀ aṣọ dà sílẹ̀, ó ní, "Àwọn fìlà ọmọdé yìí, bíi pé wọ́n lẹ́sẹ̀."

N kò mọ ìgbà tí mo sáré padà. Súwẹ́tà náà ṣì wà níbi tí mo tẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ti padé. Gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ti wọ ihò, látìsàlẹ̀ títí dé ọrùn. Apá rẹ̀ tí mo nà tààrà ti ká wá síwájú, bí apá ọmọ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àyà rẹ̀ ga díẹ̀. Mo gbá a mú, ó sì wọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lábẹ́ igi tí omi ń kán, lórí òkúta tútù, súwẹ́tà náà gbóná.

Ẹnu géètì ni mo ti pe Àǹtí. Ó gbé e kíá. Kò kí mi.

"Ṣé o ti tẹ́ ẹ?"

"Àǹtí, ọmọ mi dà?"

"Ó ń sùn." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ó kàn dákẹ́ lójijì láàárín igbe, ó sùn. Ó sùn fọnfọn! O ò rí bó ṣe rẹwà."

"Ẹ jí i."

"Ọmọ tó ń sùn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i kí n gbọ́ igbe rẹ̀!"

Ó pa fóònù. Mo tún pè, kò gbé e mọ́.

Nínú bàálù, obìnrin tó jókòó tì mí sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kíní, ó sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì. Níkẹyìn ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ń gbá mi nítan." Báàgì mi nìkan, tí súwẹ́tà wà nínú rẹ̀, ló wà lórí itan mi. Obìnrin náà wò ó dáadáa, ó ní ẹ má bínú, ó sì gbójú sí fèrèsé títí a fi balẹ̀.

Àǹtí ti ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé. Ó jókòó sídìí tábìlì ìlọṣọ pẹ̀lú ọmọ mi lórí itan. Ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti wọ aṣọ funfun fún un. Ọmọ náà kò sùn, kò sì ké. Ó kàn ń wo gbogbo ilé bí ẹni tó dé síbẹ̀ ní àkọ́kọ́.

"Ẹ gbé e fún mi," mo ní.

Ó gbé e fún mi láìjiyàn. Ara ọmọ náà gbóná, ó wúwo bó ṣe máa ń wúwo. Ṣùgbọ́n ó yí ọrùn padà, ó na ọwọ́ sí Àǹtí.

"Ẹ bímọ, ẹ ò sọ fún mi."

"Kí ni kí n sọ? Pé mo bí i lájò, mo sin ín lájò? Màmá ní tí mo bá délé, kí n má dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun náà wá kú, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ."

"Màmá gan-an dà?"

"Itẹ́ òkú tuntun. Lódìkejì ìlú yẹn."

Ìyẹn ni pé mo dé ìlú tí màmá mi sùn sí, mo sì padà láìkí i.

"Ẹ̀yin lẹ gbà á nígbà tí mo bí i," mo ní. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ohùn mi kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. "Ẹ̀yin lẹ fi omi àkọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Àǹtí, ẹ wo ojú ẹ̀, ẹ wá ní kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e fún ilẹ̀?"

"Ọmọdé ṣì ni ẹ́," ó ní. Bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò ló ṣe sọ ọ́. "Ọkọ rẹ á ti orí omi dé. Wàá bí òmíràn. Èmi ńkọ́?"

Ìyá àgbà máa ń wí pé ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló há sọ́wọ́. Mo máa ń rò pé àwọn ọ̀tá ni òwe náà ń bá wí.

"Ẹ ò rí i gbà," mo ní. "Mo mú súwẹ́tà náà padà."

Ó dìde dúró. Ojú rẹ̀ yí padà. "O mú un padà? Ó ti wọ̀ ọ́ tàbí kò tíì wọ̀ ọ́?"

"Ó ti de bọ́tìnnì."

"O bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "O bọ́ ọ lọ́rùn ọmọ?"

Mo jókòó sórí ìdì aṣọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ń ba èmi náà. Bí ẹni tí mo gbé dání yìí bá jẹ́ tèmi, á jẹ́ pé mo bọ́ ọmọ òkú síhòòhò, mo sì lọ. Bí kò bá jẹ́ tèmi, ọmọ mi ló wà lọ́hùn-ún lábẹ́ òkúta yẹn, nínú òtútù, láìní ẹ̀wù.

"Ta ni mo gbé dání, Àǹtí?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ mọ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Àwọn alágbàfọ̀ yòókù máa ń fi òwú pupa tàbí dúdú sàmì sí aṣọ oníbàárà. Àǹtí kì í sàmì. Tí wọ́n bá da aṣọ gbogbo àdúgbò pọ̀ mọ́ra, kó tó dé inú omi, yóò fi imú kan abíyá ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì ní, ti tíṣà nìyí, ti ìyá oníbúrẹ́dì nìyí. N kò rí i kó ṣì í rí. Àwọn méjèèjì yìí, ọmọ tó bí àti ọmọ tó gbà lọ́wọ́ mi, òun nìkan ló ti gbóòórùn wọn rí láyé.

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó fi imú sí ọrùn ọmọ náà, ó fà á símú, ó di ojú. Ọmọ náà jẹ́ kó ṣe é. Mo ń wo àtàrí Àǹtí, mo rí i pé irun rẹ̀ ti ń funfun, ọwọ́ mi sì fẹ́ lọ sórí rẹ̀ bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lórí aṣọ ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tó gbé orí sókè, omijé ti bo ojú rẹ̀, mi ò sì lè mọ̀ bóyá ti ìbànújẹ́ ni tàbí ti ayọ̀.

"Ẹ sọ fún mi."

Ó wo ọmọ náà. Kò wò mí.

"Tìrẹ ni," ó ní.

Mo ti kó kúrò lágbègbè yẹn báyìí. Mo ń fún ọmọ náà lọ́mú, mo ń pọ̀n ọ́n, ó ń sùn dáadáa. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, ohun tí Àǹtí bá sọ ni mo máa ń gbà gbọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mo sì nílò jù nínú gbogbo ohun tó sọ fún mi rí. Ẹnu tó ti jáde ló bà á jẹ́. Kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè bi.